Afẹ́fẹ́ Skarvøya

Ní Brno ni mo ń gbé, àjà kẹta, lókè ilé búrẹ́dì.
Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ afẹ́fẹ́ fún bàálù tí kò sí,
bàálù inú kọ̀ǹpútà tí àgbàlagbà ń wà nínú yàrá rẹ̀
pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí tíì ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.
Kí n má purọ́: òòyì ń kọ́ mi lórí àkàbà.
N kò tíì wọ bàálù rí.

Lẹ́tà Eilif Rognmo dé láàárín òjò oṣù kọkànlá.
"Ẹ kú iṣẹ́. Irọ́ ni afẹ́fẹ́ yín."
Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀, kò béèrè àlàáfíà.
Ó ní òun fi ọdún mọ́kànlélógún gbé lẹ́tà, aláboyún àti ẹja
lọ sí erékùṣù Skarvøya, lókè Norway níbi tí igi kì í hù,
tí pápá bàálù ibẹ̀ kò gùn ju àdúrà onítìjú lọ.
"Ẹ̀yin ṣe afẹ́fẹ́ bí odò tó ń ṣàn lọ geere.
Afẹ́fẹ́ tiwa kì í ṣàn. Ó máa ń lúgọ.
Á dúró sẹ́yìn òkè bí ọmọ tó fẹ́ dẹ́rù ba ìyá rẹ̀,
bó bá ku gíga ilé kan kí ẹsẹ̀ bàálù kanlẹ̀,
gbàà! á fi èjìká gbá ni níhà òsì."

Ọ̀gá mi Radovan kà á, ó rẹ́rìn-ín.
"Ẹni mélòó ló ń balẹ̀ sí Skarvøya?"
Mo wo àkọsílẹ̀. Ẹni mẹ́rin, lódidi ọdún kan.
Eilif nìkan ti balẹ̀ níbẹ̀ ní ẹgbẹ̀rin ìgbà ó lé mẹ́fà.

Mo kọ̀wé padà. Mo bi í léèrè:
èjìká náà, ṣé ó ń tì ni, àbí ó ń fà?
Kí ni etí ń gbọ́ kí ọwọ́ tó mọ̀?
Ó ní ìdí ló ń kọ́kọ́ mọ̀, ìjókòó ló ń sọ fún un
(ẹ gbà mí, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ìdí sínú kọ̀ǹpútà?),
lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì ọ̀tún á kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun,
lẹ́yìn náà ni àpótí ẹja á sún lẹ́yìn, ṣìì, ìwọ̀n ìka mẹ́ta.
Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo kọ àpótí ẹja pàápàá.
Òru mẹ́sàn-án: wọ́n ń yan búrẹ́dì nísàlẹ̀, èmi ń bá afẹ́fẹ́ jà.

Nígbà tí àtúnṣe náà jáde, àwọn mẹ́ta yòókù bínú.
"Ẹ ti ba Skarvøya jẹ́," ni ọ̀kan wí láti Lyon.
Eilif kò fọhùn fún ọjọ́ mẹ́fà.
Lẹ́yìn náà, ìlà kan ṣoṣo:
"Mo já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lánàá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an."

Dókítà ló gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọkàn.
Ìgbà tó tún fẹ́ béèrè nǹkan ni mo tó gbọ́,
ó sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì:
Gudny ìyàwó òun, nígbà ayé rẹ̀,
máa ń tan iná ilé ìdáná bó bá ti gbúròó bàálù,
ilé kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì, iná bàìbàì kan, aláwọ̀ ìyeyè.
Ǹjẹ́ àyè wà fún un?

Radovan ní rárá. Bí a bá tan ti ẹnì kan,
gbogbo ayé á gbé àtùpà wá.
Òótọ́ ló sọ. Mo tàn án.
Mo fi pamọ́ sáàárín àtúnṣe yìnyín orí òrùlé.

Ìdáhùn rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì:
"Mo rí i. Mo yí erékùṣù ká títí epo fi fẹ́ tán.
Ilé Solbjørg lẹ tàn án sí o, ẹ kà á láti apá òkun.
Òun àti Gudny ò kí ara wọn fún ọgbọ̀n ọdún, nítorí àgùntàn kan.
Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Gudny ì bá bínú, ì bá tan tirẹ̀ kó mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ.
Ibi tó yẹ kó wà nínú òkùnkùn ni mo ń wò
tí èjìká yẹn fi gbá mi."